Àlímì Lọ Gbá Bọ́ọ̀lù ní Borno

Àbúrò mi ni Àlímì. Èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n nígbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́, nítorí náà bí mo bá fi í rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má bá mi wí. Ẹni tí ọmọ ti tọ̀ sí lẹ́yìn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀rín díẹ̀.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí wa, ní Èkó-Ẹ̀pẹ́, níbi tí àwọn bàbá ńlá wa gúnlẹ̀ sí nígbà tí wọ́n bá ọba wọn kúrò ní Erékùṣù Èkó. Apẹja ni bàbá wa kí ó tó jáde láyé. Ìyá wa, Sèlíátù, ń ta ẹja yíyan. Nínú ilé tí tọmọdé tàgbà ti mọ bí wọ́n ṣe ń tún àwọ̀n ṣe, àwọ̀n ojú góòlù nìkan ni Àlímì mọ̀. Bàbá wa máa ń sọ pé ilé ẹlòmíràn ni wọ́n rán ọmọ náà sí, pé ó ṣìnà ló fi yà sọ́dọ̀ àwọn.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ẹsẹ̀ òsì ló fi ń gbá a, ẹ̀gbẹ́ pápá ló sì ti máa ń sáré wọlé, eré tó jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni ẹni tó bá ń lé e máa ń rí. Nígbà tí ó jáde ilé ìwé, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Ìkòròdú, Ọ̀sà Stars, mú un, ló bá kó wá sọ́dọ̀ mi ní Lásunwọ̀n, níbi tí mo wà nílé ọkọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá agbábọ́ọ̀lù gbélé rí, ẹ dúpẹ́. Àlímì di irun, ó pa ṣóńṣó orí rẹ̀ láró pupa bí ìyẹ́ odídẹrẹ́. Ó ra bàtà bọ́ọ̀lù aláwọ̀ òdòdó, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́. Kì í pọn omi. Tí mo bá ní kí ó gbé korobá wá láti ìdí kànga, á na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú, á máa wò wọ́n tìfẹ́tìfẹ́. Á ní, "Àǹtí Ummu, ẹsẹ̀ yìí ni ọ́fíìsì mi. Wọn kì í gbé omi wọ ọ́fíìsì." Ọkọ mi, tí kì í bá ènìyàn jà, ló máa ń lọ pọn omi náà.

Tó bá ń ti ibi ìgbáradì bọ̀, ibùdókọ̀ Agric ló máa ń bọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa. Ó fẹ́ rìn kọjá níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n lè máa pè é ní Lími, kí òun náà lè máa juwọ́ bí gómìnà. Níbẹ̀ ló ti rí Rọ̀kíbátù, tó ń ta fóònù. Rọ̀kíbátù ò pè é ní Lími. Ó ní kí ó jọ̀ọ́ sún kúrò níwájú ọjà òun, pé ó ń dí àwọn oníbàárà lójú. Àlímì padà wá lọ́jọ́ kejì láti wá tún dí wọn lójú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí a fi so yìgì wọn ní Ẹ̀pẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ ńlá kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn wá rà á, ó sì di ẹni tí à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo ilé á kóra jọ. Ìyá wa ò mọ òfin bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n tí Àlímì bá ti yọ, á sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, á ní ọmọ òun ti rù, kí wọ́n bi àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà bóyá wọ́n ń fún un lóúnjẹ. Ó ṣe dáadáa níbẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, wọ́n tilẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan ní òkè òkun ń béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kóòṣì tó fẹ́ràn rẹ̀ lọ, kóòṣì tuntun dé, ó sì fi í sórí bẹ́ńṣì. Àlímì jókòó sórí bẹ́ńṣì náà títí a fi dẹ́kun títan tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ túká, a ò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́ láti òkè òkun.

Ó padà sí Ìkòròdú. Kò bọ́ sílẹ̀ ní Agric mọ́. Ẹnu ọ̀nà gan-an ni kẹ̀kẹ́ ń gbé e dé.

Ìgbà náà ni ẹnì kan sọ fún un pé àwọn ọmọ ogun ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tiwọn, pé wọ́n ń gba ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù. Àlímì fò mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun á di sọ́jà, ṣùgbọ́n sọ́jà ti pápá oníkoríko. Rọ̀kíbátù bi í pé, tí ogun bá wá dé ńkọ́. Ó ní àwọn tí ń jagun wà lọ́tọ̀, àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù wà lọ́tọ̀, pé kò sí ẹni tí í fi ife tíì bu omi wẹ̀.

Ní Zaria, níbi tí wọ́n ti kọ́ wọn, wọ́n fá irun orí rẹ̀ kanlẹ̀. Nígbà tó fi fọ́tò ránṣẹ́, ìyá wa wò ó títí, ó ní ọmọ ta nìyí, kí ló dé tí Àlímì ò sí níbẹ̀.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọ ogun, ó sì gbá a dáadáa. Ṣùgbọ́n ogun àwọn agbésùnmọ̀mí kò tíì parí ní Borno, ẹsẹ̀ tí wọ́n ń wá fún ojú ogun sì ju ti orí pápá lọ. Wọ́n pe orúkọ, tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ó lọ bá sájẹ́ńtì wọn, ọmọ Tiv kan tí ń jẹ́ Terver, ó ní àṣìṣe kan ti wà, pé agbábọ́ọ̀lù ni òun. Sájẹ́ńtì wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní inú òun dùn láti gbọ́, pé ẹni tó mọ eré sá wúlò púpọ̀ níbi tí àwọn ń lọ.

Àlímì sọ òótọ́ fún èmi àti Rọ̀kíbátù, ó sì bẹ̀ wá pé kí a má jẹ́ kí ìyá wa gbọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ó pe ìyá wa, ó sọ fún un pé àwọn ń lọ sí Borno fún ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè púpọ̀, pé ìdíje náà máa pẹ́. Ìyá wa ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó yan ẹja, ó fi edé sí i, ó dì í fún un.

Báyìí ni ìdíje bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ni ó máa ń pè, nígbà tí ó bá ráyè gun orí òkìtì yanrìn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà ní ibùdó wọn. Èmi àti Rọ̀kíbátù á ti wà lọ́dọ̀ ìyá wa ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá wa á kí i, á bi í pé, "Báwo ni bọ́ọ̀lù?" Àlímì á bẹ̀rẹ̀. Á sọ bí òun ṣe gba bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn, bí òun ṣe tan ọmọ ogun Chad kan jẹ tó fi ṣubú lé ara rẹ̀, bí òun ṣe gbá a wọlé. Ní ọjọ́ kan ó ní àwọn na Cameroon ní àyò mẹ́fà sí òdo. Ìyá wa bi í bóyá ara àwọn ará Cameroon ò yá ni. Ní ọjọ́ mìíràn, ìbọn dún nínú fóònù, gbogbo wa gbọ́ ọ. Àlímì ní àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń yin bángà.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí kì í ní ìtàn. Tí ìyá wa bá béèrè, á kàn ní ọ̀mì ni. Ìyá wa á ní ọ̀mì náà ò burú, á gbé fóònù fún Rọ̀kíbátù, á sì wọlé lọ. A rò pé ọ̀mì ni kò dùn mọ́ ọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an níbẹ̀, kì í ṣe ẹnu Àlímì ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹnu Tèmítáyọ̀ ni, ọmọ Ibeshe nítòsí Ìkòròdú, tí wọ́n jọ wà ní ibùdó kan náà. Ènìyàn gbàràgàdà ni Tèmítáyọ̀, nígbà tí wọ́n bá sì ń gbá bọ́ọ̀lù, òun ló máa ń ṣọ́ ojú ilé, nítorí pé tí ó bá ti dúró síbẹ̀, àyè díẹ̀ ló kù.

Ó ní Àlímì bẹ̀rù púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Iṣẹ́ wọn ni láti ṣọ́ ọ̀nà kan tí àwọn àgbẹ̀ ń gbà lọ sí oko, kí wọ́n lè kórè ọkà bàbà wọn. Ọ̀sẹ̀ mìíràn á kọjá, wọn ò ní rí nǹkan kan ju eruku àti ràkúnmí lọ. Ọ̀sẹ̀ mìíràn, wọ́n á sin ẹlẹgbẹ́ wọn. Àlímì kọ́ láti yìnbọn, ó kọ́ láti sùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó sì kọ́ láti pọn omi, nítorí pé Sájẹ́ńtì Terver ò mọ̀ pé ọ́fíìsì ni ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yí padà, bọ́ọ̀lù tòótọ́ ni wọ́n ń gbá. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni, wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì omi ṣe òpó, wọ́n pín ara wọn sí ọ̀nà méjì. Bàtà aláwọ̀ òdòdó yẹn wà lẹ́sẹ̀ Àlímì, ó gbé e dání láti Ìkòròdú. Ó ti gbá ọ̀kan kọjá Tèmítáyọ̀ wọlé, ó na apá méjèèjì, ó ń sáré yípo bí ẹyẹ, nígbà tí bọ́ǹbù àkọ́kọ́ balẹ̀ sẹ́yìn odi àpò yanrìn wọn.

Gbogbo wọn sá wọ kòtò, wọ́n gbá ìbọn mú. Ìgbà tí Àlímì wẹ̀yìn ló rí i pé Tèmítáyọ̀ ò sí pẹ̀lú wọn. Ojú ilé tó ń ṣọ́ ló ṣubú sí, irin bọ́ǹbù ti ya itan rẹ̀, kò lè dìde. Ọta ìbọn ń gbẹ́ yanrìn láàárín wọn. Sájẹ́ńtì ní kí ẹnikẹ́ni má jáde títí ọkọ̀ ogun á fi dé. Tèmítáyọ̀ ní ó dàbí ẹni pé Àlímì ń tẹ́tí sí àṣẹ náà dáadáa, ó tilẹ̀ ń mi orí, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń mi orí náà ló ti wà níta.

Ẹ̀gbẹ́ pápá ló gbà. Ó sáré bí ìgbà tí mo máa ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń ya sọ́tùn-ún, ó ń ya sósì. Ó dé ọ̀dọ̀ Tèmítáyọ̀, ó gbé e pọ̀n. Ẹ rántí pé mo ti sọ bí Tèmítáyọ̀ ṣe rí. Àlímì ò lè sáré mọ́, ó kàn ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú yanrìn, ó sì ń bú Tèmítáyọ̀ nítorí gbogbo ẹ̀bà tó ti jẹ láyé. Tèmítáyọ̀ ní èébú yẹn ni kò jẹ́ kí òun dákú, nítorí pé òun fẹ́ fèsì. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé kòtò ni ọta ìbọn gba kókósẹ̀ òsì Àlímì kọjá. Ó ṣubú, ó fi orókún wọ́ dé etí kòtò, Sájẹ́ńtì Terver sì na ọwọ́ fà wọ́n wọlé. Nígbà tí ọkọ̀ ogun dé, tí àwọn agbésùnmọ̀mí sá padà, Sájẹ́ńtì gé bàtà aláwọ̀ òdòdó kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wo egungun tó fọ́, ó wo ojú Àlímì, kò sì bá a wí nítorí àṣẹ tó rú.

Ilé ìwòsàn ní Maiduguri ló ti pè wá. Jímọ̀ ni. A ti gbọ́ láti ẹnu àwọn ọ̀gá rẹ̀, Rọ̀kíbátù ti sunkún tán, a ti fọ ojú wa, a sì jókòó ti ìyá wa ní Ẹ̀pẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Fóònù dún. Ìyá wa kí i, ó ní, "Báwo ni bọ́ọ̀lù?"

Àlímì ní, "Mọ́mì, wọ́n yọ mí."

"Wọ́n yọ ẹ́ ni, àbí wọ́n gbé ẹ jáde?"

A wo ara wa, èmi àti Rọ̀kíbátù. Àlímì ní, "Wọ́n gbé mi jáde ni, Mọ́mì."

"Ẹsẹ̀ ni?"

"Ẹsẹ̀ ni. Ti òsì."

"Ṣùgbọ́n o wà láàyè."

"Mo wà láàyè, Mọ́mì."

Ìyá wa ní, "Ó tó mi bẹ́ẹ̀. Máa bọ̀ wálé."

Lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀ ló wá yí sí wa. Ó ní ṣé a rò pé òun ò mọ ibi tí Borno wà ni, àbí òun kì í gbọ́ rédíò. Ó ní láti ìgbà tí òun ti bí Àlímì, irọ́ rẹ̀ kò tan òun jẹ rí, ṣùgbọ́n òun máa ń gbádùn rẹ̀. Tó bá ní àwọn na Cameroon ní àyò mẹ́fà, òun mọ̀ pé ara rẹ̀ le, inú rẹ̀ dùn, kò sí ẹni tó kú lọ́dọ̀ wọn. Tó bá ní ọ̀mì ni, òun á wọlé lọ ṣe àlùwàlá, òun á kírun fún un títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí à ń bẹ̀rù yẹn, àwa gan-an la fẹ́ fà á pẹ̀lú bí a ṣe ń ṣe ojú wa bí ẹja tó wà lórí iná.

Àlímì padà wálé lórí igi ìtilẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń tiro. Dókítà sọ pé á rìn, ṣùgbọ́n kò ní gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń sanwó fún mọ́. Gbogbo ènìyàn fẹ́ kí ó ròyìn ogun. Ọmọ tó ń fi gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ròyìn ohun tí kò ṣẹlẹ̀, kò wá ní ọ̀rọ̀ kankan lórí èyí tó ṣẹlẹ̀. Á kàn ní ooru mú níbẹ̀.

Ọdún Káyókáyó ni a tó mọ bí nǹkan ṣe rí. Gbogbo àwa Èkó-Ẹ̀pẹ́ la jáde láti rántí ọjọ́ tí àwọn bàbá wa gúnlẹ̀. Àlímì wọ agbádá funfun, ó ń bá Bàbá Yẹ̀kínì, àbúrò bàbá wa, rìn lọ lójú títì, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kan yin bángà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Àlímì ti gbá Bàbá Yẹ̀kínì mú, ó gbé e lulẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Fìlà bàbá náà bọ́ sínú gọ́tà.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, èmi pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni a rí i pé kò dìde. Ojú rẹ̀ wà ní ibòmíràn, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu wa.

Ìyá wa ló kọ́kọ́ débẹ̀. Kò pariwo, kò fà á dìde. Ó ká ìró rẹ̀ mọ́ra, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọdún tuntun. Ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó ń pe orúkọ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Bàbá Yẹ̀kínì sọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Àlímì ọmọ mi, mo dúpẹ́ pé o gbà mí là. Ṣùgbọ́n tí o bá ti ṣetán, egungun ìhà mi kì í ṣe ti ọmọdé mọ́."

Àlímì yí kúrò lórí rẹ̀, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá wa ní kí Rọ̀kíbátù gbé oúnjẹ wá, pé ibẹ̀ náà dára. Bàbá Yẹ̀kínì ò dìde, èmi náà jókòó, àwọn ará àdúgbò tẹ́ ẹní. Ojú títì la ti jẹun ọdún yẹn, ọlọ́kadà tó bá fẹ́ kọjá ń yà gba ẹ̀gbẹ́ wa.

Lẹ́yìn ọdún, Àlímì fúnra rẹ̀ ló sọ fún Rọ̀kíbátù pé òun fẹ́ lọ rí dókítà, pé ẹsẹ̀ òun ti kúrò ní Borno, ṣùgbọ́n orí òun ò tíì bọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ obìnrin dókítà kan tó ń tọ́jú àwọn tí ogun bà lọ́kàn jẹ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Ó sọ fún mi pé ó ń ya òun lẹ́nu bí òun ṣe lè sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láì fi àyò kan kún un. Ó ń sàn díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ kan á dára, ọjọ́ kejì á jókòó sínú yàrá pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, Rọ̀kíbátù á sì jẹ́ kí ó jókòó.

Tèmítáyọ̀ ló fà á jáde pátápátá. Òun náà ti padà sí Ibeshe pẹ̀lú ọ̀pá. Ó wá sọ fún Àlímì pé àwọn ọmọbìnrin kan ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá etí ọ̀sà, pé wọ́n mọ̀ ọ́n gbá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń kọ́ wọn. Àlímì ní òun kàn fẹ́ lọ wò wọ́n ni. Kí wọ́n tó gbá ìdajì, ó ti wà láàárín pápá, ó ń tiro káàkiri, ó ń ṣàlàyé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Kóòṣì. Tèmítáyọ̀ ń kọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ojú ilé, ó sì ń sọ fún un pé jíjẹun kánú wà lára iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, wọ́n kojú àwọn ọmọbìnrin kan láti àárín ìlú Ìkòròdú, èmi àti Rọ̀kíbátù sì lọ wò wọ́n. Ó kù díẹ̀ kí eré parí, wọ́n wà ní ọ̀mì, nígbà tí rẹfirí kọ̀ láti fún Ibeshe ní pẹ́nárítì. Àlímì wọ inú pápá lọ bá a. Mi ò gbọ́ gbogbo ohun tó sọ, ṣùgbọ́n mo rí i tó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sí rẹfirí láti fi hàn án bí ènìyàn tí wọ́n ṣe léṣe ṣe ń rí. Rẹfirí lé e jáde, ó ní kó kúrò ní gbogbo ibi tí ojú òun lè dé.

Àlímì lọ sẹ́yìn ògiri tó wà létí omi. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ló bá gun inú ọkọ̀ apẹja kan tó wà ní èbúté, ó dúró sórí ìjókòó rẹ̀, orí rẹ̀ sì yọ lókè ògiri. Ó ń pariwo pé kí Jamilah, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, máa gba ẹ̀gbẹ́. Bí ó ṣe ń fò sókè fò sílẹ̀, okùn ọkọ̀ náà tú. Kò mọ̀. Afẹ́fẹ́ gbé e lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tó fi máa wolẹ̀, omi ti wà láàárín òun àti Ibeshe, kò sì sí àjẹ̀ kankan nínú ọkọ̀. Bí ó ṣe kọ ẹ̀yìn sí pápá, tó ń wá ohun tí ó lè fi wa ọkọ̀, ni Jamilah gba bọ́ọ̀lù ní ẹ̀gbẹ́, ó kọjá ẹni méjì, ó gbá a wọlé.

Gbogbo Ibeshe hó. Àlímì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá láti ojú omi pé ta ló jẹ ẹ́, kò sì sí ẹni tó ráyè dá a lóhùn. Rọ̀kíbátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá tó ni ọkọ̀ náà gba ọkọ̀ ẹlòmíràn, ó lọ fà á wá. A rí i tí Àlímì ń fi ọwọ́ ṣàlàyé nǹkan fún un lọ́nà, tí ọkọ̀ ń mì. Bàbá náà ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́, pé ọ̀sà ò mọ kóòṣì.